Àwòrán ọpọlọ ò yí padà, ẹsẹ̀ ń wọ́ sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 46, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń le sí i. Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MS (multiple sclerosis) ni, irú èyí tó ń lọ síwájú láìdúró. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán orí rẹ̀ nígbà náà, wọ́n tún ya òmíràn lọ́dún yìí, wọ́n ní kò sí àpá tuntun kankan. Inú wa dùn, àmọ́ ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ọ̀rọ̀ sì máa ń sá mọ́ ọn lẹ́nu láàárín gbólóhùn. Ṣé àwòrán yẹn ń parọ́ ni? Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwòrán kan wà tó ń fi bí ọpọlọ ṣe so mọ́ra hàn. Ṣé ká wá owó ká lọ ṣe é? Àwọn àgbà ilé ní ó ti tẹ nǹkan ni. Ṣé kó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Àwòrán náà ò parọ́. Ohun tí wọ́n ní kó wò ló wò, ó sì jábọ̀ bó ṣe rí i. Ṣùgbọ́n nínú irú MS tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín, àpá tuntun kọ́ ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn jù. Bí apá kan nínú ọpọlọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ apá kejì ló ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, àwòrán tí a sábà ń yà ní ilé ìwòsàn ò sì ní ojú tó fi ń rí ìyẹn.

Dókítà ará Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé MS yékéyéké gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró, ní Paris lọ́dún 1868. Ètò tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò ló ṣìnà, tó wá ń dojú ìjà kọ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ tó bílíọ̀nù 86. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀rá kan tó ń jẹ́ myelin ló sì bo púpọ̀ nínú àwọn okùn náà. Okùn tí ọ̀rá bò dáadáa, tó sì nípọn, lè gbé iṣẹ́ rin ọgọ́rùn-ún mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí kò ní ọ̀rá rárá, bíi mítà kan sí méjì ni tirẹ̀. Bí MS bá ti bó ọ̀rá yìí, iṣẹ́ á máa falẹ̀, nígbà mìíràn kò ní dé rárá. Ibi tó bó yẹn ló ń di àpá funfun tí dókítà fi hàn yín lórí àwòrán.

Ìkọlù ni ti ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún: ojú kan á ṣú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún là; ọwọ́ á kú tìpìrì, á tún jí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ti àwọn kan á yí sí èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìkọlù. Àmọ́ bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkọlù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni tiwọn ti ń yọ́ lọ. Bí ẹ ṣe ròyìn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín, àárín àwọn yìí ló wà. Ìdí nìyẹn tí “kò sí àpá tuntun” fi jẹ́ ìròyìn dáadáa fún ẹlòmíì, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ àsopọ̀, mo fẹ́ béèrè ohun kan. Àwòrán orí nìkan lẹ dárúkọ. Ṣé wọ́n ya ti ọrùn àti ẹ̀yìn? Àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún ẹsẹ̀, inú eegun ẹ̀yìn ló ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì fún. Mùdùnmúdùn tó wà níbẹ̀ ò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ. Àpá kékeré níbẹ̀ lè ṣe ohun tí àpá ńlá nínú orí ò lè ṣe. Nínú MS tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ṣe ń tín-ín-rín sí i wà lára ohun tó bá àìlerìn mu jù. Bí wọn ò bá tíì yà á, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín ṣe.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ náà ń rù. Ti gbogbo wa ló ń rù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ti ẹni tó ní MS ló yára. Àpá máa ń hàn dáadáa níbi tí okùn pọ̀ sí, ìyẹn apá funfun ọpọlọ. Apá aláwọ̀ eérú, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì gan-an kó jọ sí, lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ tí ojú lásán ò ní rí i. Ní àárín gbùngbùn orí, àwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀. Ọ̀kan tó tóbi nínú wọn ni thalamus. Ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá kó tó dé òkè ọpọlọ. Lọ́dún 2018, àwọn oníwádìí tí University College London ṣáájú wọn tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára èèyàn tó lé ní 1,400. Nínú gbogbo apá ọpọlọ tí wọ́n wọ̀n, àpapọ̀ àwọn ìdì àárín yìí ló ń rù kíákíá jù: 1.66 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún irú MS ti ẹ̀gbọ́n yín, 0.94 fún àwọn tí ara wọn le. Nínú ìwọ̀n gbogbo apá tí wọ́n kọ́kọ́ mú, tirẹ̀ nìkan ló sọ ẹni tí àìlera rẹ̀ máa tètè pọ̀ sí i. Ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì yẹn ṣe súnmọ́ra. Kò sí dókítà tó lè fi ojú gbé àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá wo ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi. Bí ọ̀nà àdúgbò kan bá bàjẹ́, ọlọ́kadà ò ní torí ìyẹn jókòó sílé, á yà gba oríta Takie. Bí ti àdúgbò kejì bá bàjẹ́, àwọn náà á yà sí Takie. Fún ìgbà pípẹ́, olúkúlùkù á ṣì máa dé ibi tó ń lọ, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró ní oríta yẹn tó ń ka ọkọ̀ á ní ìlú ń ṣe dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó máa wá di ọjọ́ kan tí oríta náà á dí pa, tí ìlú á dúró gbọn-in. Lọ́jọ́ náà, kò sí kòtò tuntun kankan tó yọ sójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn oníwádìí ṣe ń rí i nínú ọpọlọ. Àwọn apá kan wà tí okùn pọ̀ sí ju àwọn apá yòókù lọ, thalamus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo iṣẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí àwọn okùn kéékèèké bá ṣe ń bàjẹ́, ẹrù tó ń bọ́ sí orí àwọn oríta wọ̀nyí á máa pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ MS, ìjọṣepọ̀ láàárín àwọn apá kan máa ń ga ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Tó bá yá, tí ìbàjẹ́ okùn ti pọ̀ kọjá ààlà, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀, àìlera á sì yára. Lọ́dún 2015 ni àwọn kan ní Amsterdam kọ̀wé pé bí àsopọ̀ bá ti wó báyìí ni làákàyè náà ń wó tẹ̀lé e. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ìjọṣepọ̀ tó ga ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Àwọn kan ní ọpọlọ ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní àmì pé ilé ti fẹ́ wó ni. Ní tèmi, méjèèjì ló lè jẹ́ òtítọ́, ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni àsìkò.

Ọ̀rọ̀ tó ń sá mọ́ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu, ìdílé kan náà ni òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn apá ọpọlọ kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ń rìn kiri. Bí onítọ̀hún bá ti gbé iṣẹ́ kalẹ̀, ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Nínú àwọn tí MS ti dé ibi làákàyè wọn, a rí i pé àwọn apá yìí ti di oríta ńlá ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò sì tètè yí padà bí iṣẹ́ ṣe ń yí.

Ohun tí mo máa ń ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò rèé, ẹ lè dán an wò nílé, àmọ́ kí ẹnì kan rìn sún mọ́ ọn. Mo máa ní kí aláìsàn rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà. Á rìn ín, ẹsẹ̀ á máa wọ́ díẹ̀, á dé ibẹ̀. Màá wá ní kó padà, ṣùgbọ́n kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe ń bọ̀. “Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún… mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún…” Á dúró. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ti ń gbé sókè tẹ́lẹ̀ á kọ ilẹ̀. Ó lè ṣírò, ó sì lè rìn. Àpapọ̀ wọn ni ọpọlọ ò ní ààyè fún mọ́. Ẹ̀yin ará ilé á ti rí i láìmọ̀: ẹ pè é láti ẹ̀yìn nígbà tó ń rìn lọ, ó fẹ́ dáhùn, ó kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ná kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀.

Nípa àwòrán àsopọ̀ tí ẹ kà nípa rẹ̀, ó wà lóòótọ́, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń wo bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ọpọlọ, láti fi mọ ibi tí okùn já sí. Èkejì ń wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: apá ọpọlọ méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò pọ̀, a gbà pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Lọ́dún 1995, Bharat Biswal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé apá ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì jọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ méjèèjì bá tiẹ̀ wà nílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ yìí ti gbòòrò. Ṣùgbọ́n àwùjọ ni wọ́n fi ń wéra: ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní MS sí ọgọ́rùn-ún ẹni tí kò ní. Bí èèyàn kan bá sùn sínú ẹ̀rọ náà lónìí, tó tún sùn síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èsì méjèèjì lè yàtọ̀ torí oorun, torí kọfí, torí ó mi orí. Kò sí oògùn tí a óò yí padà nítorí rẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ ṣe é.

Èyí tí kò ná yín ní nǹkan ló wúlò jù. Ẹ ní kí dókítà yín fi aago ka bí ó ṣe ń rin ẹsẹ̀ bàtà 25, kí wọ́n fi pátákó oníhò mẹ́sàn-án wo ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì ṣe ìdánwò àmì àti nọ́ńbà: àmì mẹ́sàn-án wà lókè ìwé, nọ́ńbà kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, aláìsàn á máa dárúkọ nọ́ńbà tó bá àmì mu fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ju ibi tí àwòrán orí lè sọ lọ. Ìwọ̀n àìlera tí dókítà sábà ń lò, èyí tí John Kurtzke gbé jáde lọ́dún 1983, láti òdo dé 10 ni. Ẹni tó nílò ọ̀pá kan kó tó rin ọgọ́rùn-ún mítà wà ní 6. Ó dára, àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń kà jù. Èèyàn lè dúró sí 6 fún ọdún mẹ́ta kí làákàyè rẹ̀ ti rìn jìnnà.

Ohun kan ò gbọ́dọ̀ fò mí. MS ò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa bíi ti Yúróòpù, nítorí náà ó yẹ kí ọwọ́ dókítà ti kan àwọn àìsàn mìíràn tó ń jẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dé orí rẹ̀: àìtó fítámì B12, kòkòrò HTLV-1, HIV, àrùn ìbálòpọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní sífílísì, ikọ́ ẹ̀gbẹ inú eegun ẹ̀yìn, eegun tó tẹ mùdùnmúdùn. Ẹ wo fáìlì rẹ̀ bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò wọn, àti bóyá wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àìsàn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ tiwa gan-an: Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968; ó pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú àti etí wọn ń di. Ó so ó mọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí bú ọmọ Ajílété tó ń jẹ láfún kó tó mùkọ yangan o. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, púpọ̀ nínú májèlé rẹ̀ ti lọ; kí ọbẹ̀ tó tẹ̀lé e sáà ní nǹkan nínú.

Oògùn ńkọ́? Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì wà fún ìkọlù, kì í ran èyí tó ń yọ́ lọ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gún un fún un lóṣooṣù. Ocrelizumab ni oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú MS tirẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ènìyàn 732 ló wà nínú ìwádìí rẹ̀, láti ẹni ọdún 18 sí 55. Àìlera pọ̀ sí i lára 39.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á, àti 32.9 lára àwọn tó gbà á. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn dáadáa kí ẹ tó lọ yá owó: ó ń dín ìyára rẹ̀ kù, kò dá ẹsẹ̀ tó ti lọ padà, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n yín bọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn sì wà lára àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí bíbá dókítà sọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà á, dandan ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, torí oògùn náà lè jí i dìde.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀. Pé ó tẹ nǹkan, mi ò ní torí ẹ̀ bá wọn jà. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ láìṣubú, láìṣèṣe, kò sí bí ọkàn èèyàn ò ṣe ní rò ó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbà á. Gbẹ́rẹ́ ni kí wọ́n jọ̀ọ́ má sín fún un. Abẹ tó ti kan ara ẹlòmíì lè kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn kan ṣoṣo tí mo dárúkọ yẹn á sì tún jìnnà sí i. Kí wọ́n má sì fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ ìrora dáadáa máa ń bó kí ẹni tó ni ín tó mọ̀.

Ooru náà ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ní Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1890 pé bí àwọn kan nínú àwọn aláìsàn yìí bá ṣe iṣẹ́ agbára, ojú wọn á ṣú síwájú sí i; ẹ̀yìn náà la tó mọ̀ pé ooru ara ló ń fà á. Okùn tí ọ̀rá rẹ̀ ti bó, bí ara bá fi ìdajì dígírì péré gbóná sí i, iṣẹ́ lè má kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á le koko lọ́sàn-án nígbà yẹn. Àìsàn náà ò tíì burú sí i. Bí ara bá tutù, agbára á padà. Omi tútù, aṣọ tútù lọ́rùn, kó sì máa ti ọjà dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

Kí ó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Mo mọ̀ pé àánú ló ń sọ ọ́ lẹ́nu yín, àmọ́ ẹni tó jókòó sílé, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á rù lórí èyí tí ọpọlọ ń fà. Ẹ wá olùtọ́jú iṣan ara tó máa fún un ní eré ìdárayá, kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi láàárín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nínú ilé yẹn, kó jáde. Iṣẹ́ náà ni kí a tún tò. Ìṣirò àti èdè, kó kọ́ wọn láàárọ̀ kí ooru tó mú. Kó kọ kókó ẹ̀kọ́ sí ojú pátákó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bá sá mọ́ ọn lẹ́nu lè wà níwájú rẹ̀. Kó má máa rìn káàkiri kíláàsì kó sì máa ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan náà. Nàìjíríà ti ní òfin tó kà á léèwọ̀ láti fi àìlera yan èèyàn jẹ, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ẹ lè mẹ́nu bà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ní kí ẹ mú ìwé dókítà wá, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó nílò sínú rẹ̀ ní kedere: kíláàsì ìsàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn, àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láàárọ̀, àti ààyè láti jáde lọ tọ̀ nígbàkígbà tó bá ń gbọ̀n ọ́n, torí ìtọ̀ náà kì í pẹ́ bá wọn jà nínú àìsàn yìí, ojú sì lè máa tì í láti sọ fún yín.